Ooru Yàtọ̀ sí Ìgbóná

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni ó ń wá sí mi lọ́kàn ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ bí a ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn onísáyẹ́ǹsì sí èdè wa. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì péré ni mo fẹ́ bá yín jíròrò lé lórí nínú ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí. Èkíní ni "heat", èkejì ni "temperature". Ẹ má ṣe bi mí pé kí ni ó kan ọmọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí ń lo tẹmọmítà. Ó kàn wá gidigidi. Àwa ni a óò túmọ̀ wọn fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, fún àwọn tí ń ka ìròyìn lórí rédíò, àti fún ìyá tí ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Bí a bá sọ wọ́n lórúkọ láìwo ilé, orúkọ náà yóò máa dà wọ́n láàmú kiri.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń gbà túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Àwọn kan a máa pe méjèèjì ní ooru. Àwọn kan a máa pe méjèèjì ní ìgbóná. Àwọn ẹ̀kẹta, tí wọ́n rò pé àwọn ti já ọgbọ́n tí àwọn méjì ìṣáájú kò já, pe "heat" ní ooru, wọ́n wá pe "temperature" ní ìwọ̀n ooru. Nínú gbogbo wọn, ti àwọn ẹ̀kẹta yìí ni mo lòdì sí jù lọ, ẹ óò sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì? Ẹ jẹ́ kí á fi ohun tí gbogbo wa ń ṣe ní ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ mú korobá méjì, kí ẹ rọ lítà omi márùn-ún sínú ọ̀kan, kí ẹ rọ lítà mẹ́wàá sínú èkejì. Ẹ ti irin oníná tí a fi ń se omi ìwẹ̀ bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí agbára irin méjèèjì jẹ́ 1,000 wáàtì. Bí iná kò bá lọ, tí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 600,000 júùlù ni irin kọ̀ọ̀kan óò ti fún omi inú korobá tirẹ̀. Júùlù yìí ni àwọn onísáyẹ́ǹsì fi ń wọn ooru. Bí a kò bá ka èyí tí ó ṣòfò sọ́nà, omi lítà márùn-ún yóò ti gbóná sí i ní nǹkan bí díígírì 29, ti lítà mẹ́wàá yóò sì jẹ́ nǹkan bí 14. Ooru tí ó wọ inú wọn dọ́gba. Ìgbóná wọn kò dọ́gba.

Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì, ni ó bá mi ṣe ìṣirò yìí. Nígbà tí mo bi í ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì ní Gẹ̀ẹ́sì, ó kà á jáde wàràwàrà bí ọmọ iléekéú. Mo ní kí ó sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wo àwọn korobá náà, ó ní: "Ooru tí ó wọlé kò yàtọ̀. Omi tí yóò pín in ni ó pọ̀." N kò rò pé ìwé rẹ̀ sọ ọ́ dára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo ilé alágbẹ̀dẹ. Ìpẹ́pẹ́ iná tí ń ta láti ara irin tí ó ń lù gbóná ju díígírì 1,000 lọ, síbẹ̀ ó ń bọ́ lé e lápá, kò sì ju kí ó gbọn ọ́n dànù lọ. Omi ìwẹ̀ tí kò tíì hó rárá, tí ìgbóná rẹ̀ kò ju díígírì 60 lọ, bí ó bá dà sí ọmọ lára, ilé ìwòsàn ni a óò gbé e gbà. Ìpẹ́pẹ́ iná gbóná ju omi lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ooru tí ó lè fi fún awọ ara kò tó nǹkan.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á wo ilé tí mo sọ. A kì í sọ pé "omi yìí ooru". Ohun tí à ń sọ ni pé omi gbóná, irin gbóná, ọbẹ̀ gbóná, ara ọmọ gbóná. Ipò tí nǹkan wà ni "gbóná" ń sọ fún wa, gẹ́gẹ́ bí "ga" àti "jìn" ti ń sọ ọ́. Nítorí náà ni a fi lè fi nǹkan méjì wé ara wọn pé eléyìí gbóná ju ìyẹn lọ, tàbí kí á ní ó gbóná díẹ̀, ó gbóná janjan, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ṣùgbọ́n ooru ń rìn. Ooru a máa mú ènìyàn. A máa jáde lára ògiri ní alẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn ti pa ògiri náà láti àárọ̀. A máa ti ẹnu ààrò wá bá ẹni tí ń dáná, a sì máa kọ lu ni lójú bí a bá ṣí ìdérí ìkòkò. Ẹ fi etí sí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ooru ń bá rìn, ẹ óò rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe ti ohun tí ń lọ tàbí tí ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn onísáyẹ́ǹsì òde òní fi ọ̀rọ̀ náà sí. Wọn kò fẹ́ kí á máa sọ pé nǹkan "ní" ooru nínú bí ẹni ní owó lápò. Wọ́n ní agbára tí ń ti ibi tí ó gbóná lọ sí ibi tí kò gbóná tó o ni à ń pè bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó ṣì wà lójú ọ̀nà. N kò sọ pé àwọn baba ńlá wa ti mọ físíìsì kí Òyìnbó tó dé o. Irú ìfọ́nnu bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù ní ẹ̀ka tiwa, kò sì ṣe wá ní oore kan. Ohun tí mo ń sọ ni pé èdè ti pààlà síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì pa á sí ibi tí ó wúlò. Èwo ni kí àwa tí a ń pe ara wa ní ọmọ èdè wá lọ hú ààlà náà?

Ìdí nìyí tí "ìwọ̀n ooru" fi ń bí mi nínú. Bí ooru bá ti jẹ́ "heat", ìwọ̀n ooru kò lè jẹ́ ohun mìíràn ju iye ooru tí ó wọlé tàbí tí ó jáde lọ, ìyẹn ohun tí à ń fi júùlù kà. Ẹni tí ó bá fi ìwọ̀n ooru pe "temperature" ti pe Táyé ní Kẹ́hìndé, ó sì ti gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Tẹmọmítà tí nọ́ọ̀sì fi sí abíyá ọmọ kò wọn ooru kankan. Bí ó bá fi 39 hàn, bí ara ọmọ náà ti gbóná tó ni ó sọ fún wa. Ife omi kan lè wà ní díígírì 37, kí odindi àgbá omi wà ní 37 pẹ̀lú. Tẹmọmítà yóò sọ ohun kan náà nípa méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí ó ra gáàsì tí ó fi mú àgbá náà gbóná bóyá ìwọ̀n ooru wọn dọ́gba! Èrò mi ni pé kí á fi ooru fún "heat", kí á fi ìwọ̀n ìgbóná fún "temperature", tàbí ìgbóná lásán níbi tí kò bá ti lè rú ẹnikẹ́ni lójú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tàn yín pé ìyàtọ̀ yìí ti wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ tí a ti dá a. Ní ọdún 1714 ni Fahrenheit ti ṣe tẹmọmítà onímẹ́kúrì tí ó ṣeé gbọ́kàn lé, Celsius sì gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ jáde ní 1742. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti ní irinṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ṣì gbà pé ooru tí ó wà nínú nǹkan ni tẹmọmítà ń kà fún wọn. Joseph Black, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Glasgow ní orílẹ̀-èdè Scotland, ni ó la ọ̀rọ̀ náà ní nǹkan bí ọdún 1761. Ohun tí ó ṣe kò le rárá. Ó bu omi tí ó dọ́gba sínú ìgò méjì, ó jẹ́ kí ọ̀kan dì di yìnyín, ó jẹ́ kí èkejì tutù gidi láìdì, ó wá gbé àwọn méjèèjì kọ́ sínú yàrá kan náà. Láàrin ìdajì wákàtí, èyí tí kò dì ti gbóná sí i ní díígírì méje lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Èyí tí ó dì lo wákàtí mẹ́wàá àbọ̀ kí ó tó dé ibi tí èkejì rẹ̀ dé. Yàrá kan náà ni, afẹ́fẹ́ kan náà ni ó ń fún àwọn méjèèjì ní ooru. Níbo wá ni ooru gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn lọ, nígbà tí tẹmọmítà kò rí i? Black ní yíyọ́ ni yìnyín fi gbogbo rẹ̀ yọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé ọ̀tọ̀ ni iye ooru, ọ̀tọ̀ ni bí nǹkan ti gbóná tó. Ó kú ní 1799. Ní 1803 ni wọ́n tó tẹ àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀ jáde ní ìwé.

Ẹ kíyè sí i pé Black kò dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ fún "heat". Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni, ẹnu àwọn ìyá arúgbó ni ó ti gbọ́ ọ, ó kàn pọ́n ọn kí ó lè mú ni. "Temperature" ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ará Látìn ni wọ́n ti yá a, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì jẹ mọ́ pípo nǹkan pọ̀ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Títí di òní, Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ kò tíì gbọ́ràn sí Black lẹ́nu tán. Bí ara Òyìnbó bá gbóná, yóò ní òun ní "temperature", bí ẹni pé ẹni tí ara rẹ̀ dá kò ní in! Òkúta ẹ̀bá ọ̀nà pàápàá ní in.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù lọ ni ìdí ààrò. Àwọn ìyá olóúnjẹ mọ̀ pé bí omi bá ti ń hó, igi tí a bá tún kì sábẹ́ ìkòkò kò lè mú un gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ńṣe ni omi yóò máa gbẹ, igi yóò sì máa ṣòfò. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fa igi sẹ́yìn. Ní ìlú tí ó wà létí òkun, díígírì 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni omi ti ń hó, ibẹ̀ náà ni tẹmọmítà óò sì dúró sí títí ìkán omi tí ó kẹ́yìn yóò fi tán. Ṣùgbọ́n ooru kò dúró. Ó ń wọlé láìsinmi, òun ni ó sì ń sọ omi di afẹ́fẹ́. Láti mú gíráàmù omi kan láti 0 dé 100, nǹkan bí 418 júùlù ni yóò gbà. Láti wá sọ gíráàmù kan náà di afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tí ó ti dé 100, yóò gba nǹkan bí 2,260 júùlù, èyí tí ó ju ìlọ́po márùn-ún ti àkọ́kọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ tẹmọmítà kò mira. Ìdí sì nìyí tí afẹ́fẹ́ omi tí ń jáde lẹ́nu ìkòkò fi ń bó ni lára ju omi híhó lọ, nítorí bí ó bá ti kan awọ tí ó padà di omi, gbogbo ooru tí ó gbà ni yóò dà lé awọ náà lórí. Amù tí ó wà ní kọ̀rọ̀ ilé mọ ọgbọ́n kan náà. Omi tí ń sun sí ara rẹ̀ lóde ń gbẹ, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń gba ooru lọ́wọ́ omi tí ó kù nínú, ìyẹn ni inú amù fi ń tutù.

Ó yá, ẹ mú àlàyé yìí, kí ẹ fi "ìgbóná" nìkan ṣe é fún ọmọ ọdún mẹ́wàá. "Ìgbóná ń wọlé, ṣùgbọ́n ìgbóná kò yí padà." Ọmọ náà yóò wò yín bí ẹni pé oorun ń kùn yín. Ẹ tún un sọ pé: "Ooru ń wọlé, ṣùgbọ́n ìgbóná omi kò yí padà." Ó lè má gbà yín gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ yé e, yóò sì bi yín pé níbo ni ooru náà ń lọ. Ìbéèrè Black gan-an ni ó bi yín yẹn.

Kí ni ó mú mi fi ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ẹjọ́ ńlá báyìí? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi ọwọ́ sí ìlànà tí ó ní kí á máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí á máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé yunifásítì. Ó ní fífi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ wà lára ohun tí ó ń mú wọn kùnà nínú ìdánwò. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wa, inú bí èmi náà. A kò ṣàì mọ̀ pé ó ti ṣeé ṣe rí. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò gbẹ́yìn, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ariwo ni àwọn Fáfúnwá fi ṣe é. Wọ́n jókòó kọ ìwé. Bí wọ́n bá gbé kíláàsì kan lé wa lọ́wọ́ lọ́la, tí wọ́n ní kí á fi Yorùbá kọ́ wọn ní "heat" àti "temperature", ọ̀rọ̀ wo ni gbogbo wa óò jọ lò? Ṣé olùkọ́ ti Ọ̀yọ́ yóò máa wí ooru, kí ti Àkúrẹ́ máa wí ìgbóná, kí rédíò sì máa wí ìwọ̀n ooru? Ní ọdún 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ti jáde, láti fún àwa tí ń kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí a óò máa fi ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì náà jẹ́ ọmọ wa.

Olùkọ́ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi ní kí á kúkú yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì lò, kí á máa pè wọ́n ní hííìtì àti tẹmpirẹ́ṣọ̀, kí wàhálà tán. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, n kò gbà. Tẹmọmítà dára bẹ́ẹ̀, nítorí òun àti orúkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀ dé. Ooru kò wọ ọkọ̀ kankan dé. Àwọn mìíràn ní ìgbóná ti jẹ́ orúkọ àrùn Ṣọ̀npọ̀nná rí, tí àwọn àgbà kì í fẹ́ kí á máa pè é ṣáá. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ náà jókòó láìníṣẹ́ tó báyìí, ẹ jẹ́ kí á fún un ní iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ku ibi kan tí kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí ń jáde lẹ́nu ìkòkò tí ń hó, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "steam", ooru náà ni ọ̀pọ̀ ń pè é nílé. Bí a bá ti fi ooru fún "heat", kí ni a óò fi fún òun? Èéfín omi kò wù mí, iná ni ó ni èéfín. Afẹ́fẹ́ omi tí mo lò lókè yìí gùn lẹ́nu, ẹni tí kò bá ṣọ́ra yóò sì rò pé atẹ́gùn etí odò ni. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ kan fún un ní ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ̀, ìbáà ṣe Èkìtì, ìbáà ṣe Ìjẹ̀bú, Oǹdó tàbí Kétu, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ń bọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì mẹ́ta ti ṣèlérí fún mi pé àwọn óò wá bá wa jókòó, tẹmọmítà ni wọn óò sì mú lọ́wọ́ wá.